Kùdírátù Elépo àti Akanàgbá Pobẹ̀

Tìbínútìbínú ni Kùdírátù fi dé Pobẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí Fálúyì. Àgbá epo rẹ̀ ló jò nínú ọkọ̀ ojú irin, láàárín Sakété sí Àjàṣẹ́. Ó jò débi pé àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ wọn sókè, àwọn tí ń ra epo ní Àjàṣẹ́ sì ní àwọn ò gba àgbá tó ti dín. Nígbà tó ń padà bọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀ ní Sakété tí ilé rẹ̀ wà. Ó jókòó sínú ọkọ̀ tòun ti àgbá òfìfo náà títí dé Pobẹ̀ níbi tí ojú irin parí sí, ó sì ń béèrè ilé ẹni tó kàn án.

Abẹ́ igi máńgòrò kan ni wọ́n júwe fún un. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó bọ́ra dé ìbàdí, tó ń fi òòlù lu ọ̀já irin mọ́ ara àgbá.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ kan àgbá tí wọ́n tà fún mi ní Sakété?"

"Ẹ kú ìrìn, ìyá. Àgbá mi pọ̀ ní Sakété. Èwo nínú wọn ni?"

"Èyí tó ń jò ni."

"Èmi kì í kan àgbá tó ń jò."

"Ṣé omi ẹnu ni mo wá tu sínú ọkọ̀ ìjọba ni? Ẹ dìde, ẹ wá wò ó."

Ọkùnrin náà dìde, ó da ẹ̀wù sọ́rùn, ó bá a lọ sí ìdíkọ̀. Ó yí àgbá náà sọ́tùn-ún sósì, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ pákó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bó ṣe dúró lójijì.

"Kókó igi ló wà níbí," ó ní. "Mo rí i nígbà tí mò ń gé e, mo ní kò ní ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo jẹ̀bi, ìyá. Màá kan òmíràn fún yín, màá sì gbé e wá sí Sakété fúnra mi."

Kùdírátù gbé gbogbo èébú tó ti tò sẹ́nu láti Àjàṣẹ́ mì. Nínú ilé ọkọ tó ń gbé, kò tíì sí ọkùnrin kan tó wojú rẹ̀ rí tó sọ pé òun jẹ̀bi.

Opó ni. Súbérù ọkọ rẹ̀ ṣàìsàn pẹ́ kó tó kú, ìgbà àìsàn náà ni Kùdírátù sì bẹ̀rẹ̀ òwò epo. Ìkòkò kan ṣoṣo ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ ra ẹyìn ọ̀pẹ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Àgìdí, ó ń sè é, ó ń gún un, ó ń fọ epo rẹ̀ fúnra rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pupa bí ẹni tó tọ́ osùn. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin Àgìdí àti Ìta-Ìjẹ̀bú bẹ̀rẹ̀ sí í fọ epo fún un, òun ń kó o jọ sábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdíkọ̀ Sakété, ó ń fi ọkọ̀ ojú irin gbé e lọ sí Àjàṣẹ́. Ní gbogbo ìlú, Ìyá Màrúfátù Elépo ni wọ́n ń pè é, nítorí Màrúfátù ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Súbérù fi sílẹ̀ fún un.

Fálúyì gbé àgbá tuntun náà wá lóòótọ́. Ó tún gbé òmíràn wá lẹ́yìn ìyẹn, òmíràn tẹ̀ lé e. Bó bá dé, kì í tètè lọ. Ó máa ń jókòó sórí àpótí, á máa wo Kùdírátù bó ṣe ń tọ́ epo wò lórí ahọ́n, bó ṣe ń sọ fún obìnrin kan pé epo rẹ̀ kan, tó ń yin òmíràn. Kò pẹ́ tí Kùdírátù fi kíyè sí i pé ọjọ́ tí ọkùnrin náà kò bá wá, òun máa ń wo ojú ọ̀nà. Inú bí i sí ara rẹ̀. Inú ilé ọkọ ló ṣì wà, orí ẹní tí Súbérù kú sí ló ṣì ń sùn. Kí ló ń wo ojú ọ̀nà fún?

Èjìdé ló ṣe alárinà wọn. Ọmọ Pobẹ̀ tó ń gbé ní Àgìdí ni, nínú àwọn tó ń fọ epo fún Kùdírátù, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ sínú.

"Akanàgbá ní kí n bi yín bóyá ọ̀nà wà," ó sọ ọ́ bó ṣe ń sọ igbá epo kalẹ̀.

"Ọ̀nà ibo?"

"Ìyá Màrúfátù, ẹ̀yin náà ti bímọ. Ẹ má jẹ́ kí n máa là á bí ẹní ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀."

Kùdírátù tẹjú mọ́ epo. "Sọ fún un pé mo gbọ́."

"Ṣé ohun tí màá sọ nìyẹn? Pé ẹ gbọ́?"

"Sọ fún un pé mo gbọ́, mi ò sì bínú."

Ìdáhùn yẹn tó fún Fálúyì. Láti ìgbà náà, ó di pé Kùdírátù ń rí ìdí láti lọ sí Pobẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n á jókòó sábẹ́ máńgòrò, ojú gbogbo ayé á wà lára wọn, wọn ò ní fọwọ́ kan ara wọn. Fálúyì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Kùdí. Òun náà ń pè é ní Fálúyì, ṣùgbọ́n "ẹ" kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, nítorí ọkùnrin náà jù ú lọ dáadáa.

Baba Ṣàmsídéènì, baba ọkọ rẹ̀, ló kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Oníṣòwò aṣọ ni baba náà, ilé rẹ̀ tóbi, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, ó pe Kùdírátù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì, àbúrò Súbérù, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ìyàwó," Baba ní, "o ti ṣe opó tán tipẹ́. A ti fún ọ láyè tó. Ọ̀ṣẹ́nì ni yóò ṣú ọ lópó."

"Bí mi ò bá fẹ́ ńkọ́, Baba?"

"Kò sẹ́ni tí yóò fi okùn dè ọ́. Wàá lọ. Ṣùgbọ́n àtíbàbà yẹn, orí ilẹ̀ ọmọ mi ló wà. Àwọn àgbá àti ìkòkò, inú ilé mi ni o ti rí wọn. Pàtáńtì, ìwé àṣẹ tí àwọn Faransé fi ń jẹ́ kí o tajà, orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀ lọ́dọ̀ kòmáńdà wọn. Màrúfátù, tiwa ni."

"Baba, ìgbà tí Súbérù dùbúlẹ̀ ni mo dá òwò yìí sílẹ̀. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni."

"Nínú ilé ta ni?" Baba bi í, tìfẹ́tìfẹ́ bí ẹni tó ń tọ́ ọmọ sọ́nà.

Kùdírátù dìde. Bó ṣe jáde síta ló dà bí ẹni pé ilé náà ti kéré sí i, tí ògiri sún mọ́ ògiri. Ọ̀ṣẹ́nì tẹ̀ lé e dé ìdí kànga.

"Ìyá Màrúfátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀bùnọlá ìyàwó mi ò tíì jẹun látàná. Mi ò wá yín, ẹ̀yin náà ò wá mi."

"Ọkọ mi, sọ bẹ́ẹ̀ fún Baba." Bó ṣe máa ń pè é nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, bí gbogbo ìyàwó ṣe ń pe àbúrò ọkọ. Lọ́jọ́ yẹn ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ni yóò sọ ọ́?"

"Ìwọ ni ọmọ rẹ̀."

"Ìdí tí mi ò fi lè sọ ọ́ nìyẹn," Ọ̀ṣẹ́nì ní, ó sì yí padà lọ.

Kùdírátù lọ bá Ààfáà àgbà, arúgbó tó so yìgì òun àti Súbérù. Ààfáà gbọ́ ọ títí, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀.

"Ọmọ mi, wọn ò gbọ́dọ̀ jogún obìnrin bí ẹni jogún ewúrẹ́. Bí o bá kọ̀, o kọ̀ náà nìyẹn. Ọmọ rẹ sì jẹ́ obìnrin, ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò máa gbé títí yóò fi wọlé ọkọ. Èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́ fún Ṣàmsídéènì."

Kùdírátù wólẹ̀, ó ń dúpẹ́. Ààfáà gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró, mi ò tíì parí. Bí o bá fẹ́ ọkùnrin tí kì í ṣe ìbátan ọmọ náà, ọmọ yóò padà sọ́dọ̀ àwọn ará ilé baba rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wa wí. Ọkùnrin ọ̀hún gan-an sì gbọ́dọ̀ kírun kí n tó lè so yìgì yín." Ó wojú rẹ̀. "Àbí kò sí ọkùnrin kankan?"

Ojú ilẹ̀ ni Kùdírátù ń wò.

Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Pobẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ro ẹjọ́ náà fún Fálúyì. Ọkùnrin náà ju òòlù sílẹ̀.

"Jẹ́ ká lọ," ó ní. "Ìlaró ò jìnnà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, àṣẹ kòmáńdà ò dé ibẹ̀. Mú ọmọ rẹ dání. Wọ́n ń lo àgbá níbẹ̀ náà. Màá bọ́ yín. O ò tún ní máa gbé epo kiri mọ́."

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn gún Kùdírátù láyà. Ó mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó rí ara rẹ̀ nínú yàrá kan ní Ìlaró, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, tó ń dúró de ọkùnrin tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Àhámọ́ bíi ti ilé Baba náà ni, àfi pé ẹni tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ́ràn òun.

"Èmi fẹ́ràn kí n máa gbé epo kiri," ó ní.

"Mi ò sọ ọ́ láti bí ọ nínú."

"Mo mọ̀. Bí a bá sì sá, olè ọmọ ni wọn yóò máa pè mí títí Màrúfátù fi dàgbà. Ìyá yín ńkọ́?"

Ìyá Fálúyì fúnra rẹ̀ ló dáhùn. Ó ti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn látìgbà náà. "Ìyá rẹ̀ rèé! Fálúyì nìkan ni ọmọkùnrin mi tó wà nílé. Bó bá lọ forí kanlẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ta ni yóò máa bọ Ògún baba rẹ̀? Ìwọ obìnrin yìí, mi ò kórìíra rẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gun ọkọ̀ ojú irin lójoojúmọ́, ọjọ́ wo ni yóò sọ̀ kalẹ̀ nílé ọkọ?"

Fálúyì wo ìyá rẹ̀, ó wo Kùdírátù. Ó tún mú òòlù tó ti jù sílẹ̀. Kùdírátù rí i pé ẹni tí òun fẹ́ kó tú òun sílẹ̀, okùn wà lọ́rùn tirẹ̀ náà.

Ààfáà bá Baba Ṣàmsídéènì sọ ọ́, Baba sì fi ọmọ sílẹ̀ fún Kùdírátù. Ó jáde nílé náà láìmú ju ẹrù aṣọ rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ lọ. Yàrá kan ló rí gbà lẹ́bàá ìdíkọ̀, òjò ń jò wọ inú rẹ̀. Baba fi Ọ̀ṣẹ́nì sábẹ́ àtíbàbà, ṣùgbọ́n Ọ̀ṣẹ́nì ò mọ epo tó kan yàtọ̀ sí èyí tó dára, ojú sì ń tì í láti bá àwọn obìnrin náà jiyàn. Èjìdé nìkan ló kọ́kọ́ tọ Kùdírátù wá sínú yàrá tó ń jò náà, ó gbé igbá epo lérí. Ó pẹ́ kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan ò wá rárá.

Fálúyì wá bẹ̀ ẹ́ wò. "Màá dúró dè ọ́," ó ní.

"Ọmọ mi ò tíì rọ́pò eyín tó ká tán, Fálúyì. Ẹ má búra fún mi."

"Mi ò búra. Mo kàn ń sọ ọ́ ni."

Ó dúró fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà àìsàn mú ìyá rẹ̀, ìyá ní òun fẹ́ rí ọmọ ọmọ kí òun tó kú, wọ́n sì fẹ́ Jádesọ́lá fún Fálúyì láti abúlé kan nítòsí. Fálúyì fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ ní Sakété. Kùdírátù fún un lóúnjẹ, ó jókòó tì í títí ó fi jẹun tán, ó bi í léèrè àlàáfíà ìyàwó. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ, Kùdírátù fọ àwo tó fi jẹun, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e, ó tún un fọ̀, títí Màrúfátù fi sọ pé, "Ìyá, ó ti mọ́ o."

Báyìí ni ọdún ń lọ. Ogun àwọn òyìnbó dé, ó kọjá. Kùdírátù gba pàtáńtì lórúkọ ara rẹ̀, ó kọ́ ilé alámọ̀ kan, ó fi páànù bò ó. Nígbà tó yá, wọ́n ní Àjàṣẹ́ kò gba àgbá onígi mọ́, tí onírin nìkan ni wọ́n ń fẹ́. Kùdírátù kò lè gbé ìròyìn yẹn lọ bá Fálúyì fúnra rẹ̀, Èjìdé ló rán. Èjìdé ní ọkùnrin náà kàn sọ pé, "Kò burú. Mo tún lè kan ilẹ̀kùn." Kùdírátù sunkún lọ́jọ́ náà ju bó ṣe sunkún lọ́jọ́ tí Fálúyì gbé ìyàwó.

Àwọn ọkùnrin mìíràn wá láti fẹ́ ẹ, ó kọ̀ wọ́n. Àwọn ènìyàn ní ọmọ rẹ̀ ló ń rò, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bí ọkọ̀ bá ti kọrí sí Pobẹ̀ láìsí òun nínú rẹ̀, ó máa ń rò ó pé òfin tó jẹ́ kí ọmọ òun wà lọ́wọ́ òun ló di òun lọ́wọ́ mú yìí, òun ò sì mọ èyí tí òun ì bá yàn bí wọ́n bá tún bi òun.

Màrúfátù dàgbà. Ó fẹ́ aránṣọ kan ní Àjàṣẹ́, Ààfáà so yìgì wọn, Baba Ṣàmsídéènì tó ti di arúgbó sì ṣàdúà fún un. Lẹ́yìn ìgbéyàwó náà ilé dákẹ́ jù. Ìgbà yẹn ni obìnrin kan wá kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan, ó wọ aṣọ tuntun, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Èmi ni Jádesọ́lá, ìyàwó Fálúyì, akanàgbá Pobẹ̀."

Kùdírátù fà á dìde. "Ṣé nǹkan ṣe é ni?"

"Ara rẹ̀ le."

"Ṣé ẹ wá bá mi jà ni?"

"Bí mo bá fẹ́ jà, mi ò ní wọ aṣọ tó dára báyìí." Jádesọ́lá jókòó láìdúró kí wọ́n sọ pé kó jókòó. "Ìyá Màrúfátù, ìyá ọkọ mi kú lọ́dún tó kọjá, a ti sin ín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ mi kó Ògún baba rẹ̀ fún ọmọ àbúrò baba rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí mọ́ṣáláṣí. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n mi ò gọ̀. Kò lù mí rí, kò fi ebi pa mí rí. Àmọ́ bí ọkọ̀ ojú irin bá ti fọn fèrè, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí iṣẹ́. Ó ti rẹ̀ mí."

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe sí i?"

"Ẹ gbọ́ tèmi ná. Ṣé ẹ mọ ìdí tí ìyá ọkọ mi ò fi jẹ́ kí n kọjá ọjà Pobẹ̀ rí? Nítorí yín ni. Ó ní obìnrin kan tó ń gun ọkọ̀ ojú irin fẹ́ gba ọmọ òun lọ, òun ò ní fi ojú òun rí irú rẹ̀ nílé mọ́. Ẹ̀yin ń lọ, ẹ ń bọ̀, èmi ni wọ́n tì mọ́lé dípò yín." Ó sún mọ́ Kùdírátù. "Ọkọ mi fẹ́ wá béèrè yín, ẹ̀rù ló ń bà á. Èmi ní kó dúró, mo fẹ́ kọ́kọ́ rí yín. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n ẹ mú mi dání lọ sí Àjàṣẹ́. Ẹ kọ́ mi ní epo títà."

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Kùdírátù rò pé òun nìkan ni wọ́n tì mọ́lé. 

"Bí mi ò bá wá fẹ́ ọkọ yín ńkọ́?" ó bi í níkẹyìn.

"Ẹ ṣì kọ́ mi," Jádesọ́lá ní.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Kùdírátù, omijé bá a rìn, ó sì dìde lọ bu omi fún àlejò rẹ̀.

Fálúyì wá lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Irun rẹ̀ ti ń funfun. Fìlà tuntun tó dé ò tíì bá orí rẹ̀ mu, ó sì ń fọwọ́ tún un ṣe lemọ́lemọ́.

"Kùdí, mi ò tíì mọ ìrun náà kí dáadáa," ó ní. "Ẹni tó wà níwájú mi ni mo máa ń wò."

"Òun náà lè máa ṣì í kí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rù ba Kùdírátù.  Ìṣòro ti kó ara rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ òun ni kò fẹ́ gbé mọ́. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ọkùnrin yìí. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá a gbé.

"Mi ò ní kó wá sí Pobẹ̀," ó ní.

"Mo mọ̀. Èmi ni màá máa wá."

"Ọjọ́ tí ẹ bá wá, mo lè wà ní Àjàṣẹ́."

"Màá jókòó. Ilẹ̀kùn ilé yìí ò tiẹ̀ pa dé dáadáa, màá máa tún un ṣe."

"Ẹ jẹ́ kó máa rí bó ṣe rí," Kùdírátù ní. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Mo gbà."

Ààfáà àgbà ti kú, ọmọ rẹ̀ ló so yìgì wọn, láìsí ariwo, níwájú Èjìdé, Ọ̀ṣẹ́nì àti àwọn elépo díẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì ló dúró fún Kùdírátù bí ará ilé rẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ara tu òun gan-an ju ìyàwó lọ.

Ní ọjọ́ ọjà Àjàṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, Jádesọ́lá wọ ọkọ̀ ní Pobẹ̀ pẹ̀lú garawa epo rẹ̀. Kùdírátù wọlé bá a ní Sakété, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, tí àwọn ọ̀pẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sá sẹ́yìn, Jádesọ́lá di etí fèrèsé mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó yọ ojú síta, atẹ́gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ́ gèlè rẹ̀ lọ.

"Ìyá Màrúfátù," ó pariwo, "ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyí," Kùdírátù ní. "Di gèlè rẹ dáadáa."